Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ Mi, àti Ọ̀rọ̀ Jíìnì Tó Dé Etí Àna

Arábìnrin mi, bó bá jẹ́ pé àná ni wọ́n sọ fún ọ pé jẹjẹrẹ ni, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ máà tíì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ lọ lónìí. Má fi ipá jẹ ẹ́. Mu omi, wá ibì kan jókòó sí, kí o máa ka èyí díẹ̀díẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Ó ti rẹ̀ mí, agbára ọ̀rọ̀ dídùn ò sì sí lára mi mọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, kí o lè mọ ohun tó wà níwájú, kí o sì mọ èyí tí kò yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù nínú rẹ̀.

Ìyá Bọ́lá ni wọ́n ń pè mí ní Ìlaré, nílùú Ifẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ogbó. Ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ojúde ilé wa náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ariwo àti èéfín rẹ̀ ti mọ́ wa lára. Ọmọ mẹ́ta la bí. Bọ́láńlé, obìnrin, ni àkọ́bí, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ti jìnnà sílé. Mùsùlùmí ni wá.

Nǹkan oṣù mi ti dúró láti bí ọdún méjì nígbà tí mo tún rí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà, bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ parí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún ara mi pé ara tún fẹ́ di ọ̀dọ́. Ó dá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó tún wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí èmi àti ọkọ mi bá ara wa sùn ni. Ẹ̀rù bà á, ó ní bóyá òun ló ṣe mí léṣe. Mo ní rárá, kó fọkàn balẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kò ti fọwọ́ kàn mí mọ́, èmi náà ò sì bèèrè.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ni omi tó ń rùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òórùn yẹn ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ń wẹ̀ láàárọ̀, mo ń wẹ̀ lọ́sàn-án, mo tún ń wẹ̀ kí n tó sùn, síbẹ̀ mo ń gbóòórùn ara mi. Mo ń fi lọ́fínńdà sára kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù bá jókòó jẹun, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Ìdí ń ro mí títí dé itan. Mo rò pé bóyá dídúró nínú kíláàsì ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Sìfáwù, ló kọ́kọ́ mọ̀. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, nítorí náà ohun tó bá sọ nínú ilé wa ti di òfin. Ó rí àwọn aṣọ tí mo sá sẹ́yìn ilé, ó sì pè mí wọlé.

"Ìyàwó, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan oṣù ló padà."

"Padà láti ibo? Ooru inú nìyẹn. Ooru ti mú ilé-ọmọ ẹ. Mo mọ ohun tí a máa lò sí i, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú."

Lọ́jọ́ kejì ó gbé àgbo wá nínú ìgò, ó dúró tì mí títí mo fi mu ife àkọ́kọ́ tán. Ó korò. Mo ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ìgò kan bá ti ń tán ni òmíràn ń dé, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ mi. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá, omi ò dá, mo sì ń rù. Aṣọ tó fún mi tẹ́lẹ̀ ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lára mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹbí Kúnlé ń bọ̀ wá tọrọ Bọ́láńlé. Ọmọ Ẹdẹ ni Kúnlé, Òṣogbo ni òun àti Bọ́láńlé ti pàdé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ náà, Màmá Kúnlé, máa ń pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀ láti kí mi, kí ohunkóhun tó dé àárín wa. Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, mo ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ aṣọ mi kí n tó jókòó. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ mi ò dìde. Wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá jó, mo fi ọwọ́ júwe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àlejò lọ tán ni mo dìde, Bọ́láńlé sì rí àga tí mo jókòó lé.

Kò pariwo. Ó lọ bu omi, ó nu àga náà, ó ti ilẹ̀kùn yàrá.

"Màmá, ìgbà wo ni ẹ ti ń rí èyí?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Bàbá mọ̀?"

"Bàbá ẹ mọ̀ díẹ̀."

"Mi ò padà sí Òṣogbo lọ́la. Ọsibítù là ń lọ."

Àǹtí Sìfáwù ní kí a jẹ́ kí àgbo tó wà nílẹ̀ tán ná. Bọ́láńlé kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, a máa lọ," ó sì mú mi lọ.

Bí o kò bá tíì dé ọsibítù ńlá rí, tètè jí. Èèyàn ti ń tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. O máa tò láti gba káàdì, o máa tò láti sanwó, o máa tún tò láti rí dókítà, nígbà tó bá sì kàn ọ́, wọ́n lè ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò kan wá, kí o sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mú omi àti nǹkan ìpanu dání. Mú aṣọ tí o máa fi pààrọ̀. Má sì jẹ́ kí ó sú ọ débi pé wàá dìde lọ sílé, nítorí ó ń súni. Ní ọjọ́ kejì tí a lọ, mo ti dìde pé kí a máa lọ sílé. Bọ́láńlé di etí aṣọ mi mú, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá," bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kẹta sọ̀rọ̀. Mo jókòó.

Obìnrin ni dókítà tó wò mí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n ya ẹsẹ̀. Wọ́n ní irin kan tí wọ́n fi ń ṣí ojú ara kí wọ́n lè rí ẹnu ilé-ọmọ. Ó tutù, ó sì ni mí lára, àmọ́ kò pẹ́. Ó wò ó dáadáa. Ó bi mí bóyá mo ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ rí, èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún obìnrin tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ní mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Olùkọ́ ni mí o, mo ń kàwé, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Ó gé ẹran kékeré níbẹ̀ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún bèèrè bóyá mo lè gbà kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa àrùn yìí mú díẹ̀ nínú ẹran náà, pé kò ní ná mi ní nǹkan kan, pé nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ sí i dípò orúkọ mi. Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn, mo ní kí wọ́n máa mú un.

Nígbà tí èsì dé, èmi àti ọkọ mi la jọ wọlé. Dókítà pe jẹjẹrẹ ní orúkọ rẹ̀, kò yí i po. Ó ní ó ti kọjá ibi tí iṣẹ́ abẹ nìkan lè yanjú, ṣùgbọ́n kò tíì jìnnà débi tí kò ní gbóògùn. Ó ní ìtànṣán ẹ̀rọ àti abẹ́rẹ́ ni a máa lò, pé Ìbàdàn la ti máa gbà á. Mi ò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú ohun tó sọ lẹ́yìn náà. Fáànù tó wà lókè ń dún, òun ni mò ń gbọ́.

Ọkọ mi bèèrè pé, "Dókítà, ṣé ìyàwó mi máa kú?"

"Bàbá, ìtọ́jú wà. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

A délé, ọkọ mi lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ kan tó ti tún ṣe tán, ó tún tú u palẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nítorí owó ìtọ́jú, a ta ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa ìyẹn ju pé kí o bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ọsibítù bóyá ìrànlọ́wọ́ kankan wà, kí o tó ta nǹkan.

Ọjọ́ tí ọkọ mi lọ parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni dókítà ní kí n wá gba ìwé tí mo máa mú lọ sí Ìbàdàn. Àǹtí Sìfáwù ló tẹ̀lé mi. Dókítà fún mi ní ìwé náà, ó sì ní èsì ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàádìí, pé kò yí ìtọ́jú mi padà, àmọ́ pé ẹ̀tọ́ mi ni láti gbọ́ ọ.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ó ní gbogbo ara wa, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú ò lè rí ni wọ́n para pọ̀ di í, sẹ́ẹ̀lì lorúkọ wọn. Sẹ́ẹ̀lì máa ń pín sí méjì, kí tuntun lè rọ́pò èyí tó gbó. Nínú rẹ̀, ohun kan wà bí okùn, tí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ìgbàkígbà tó bá pín, orí okùn yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bí etí aṣọ tí wọn ò ṣẹ́ ṣe máa ń tú. Tó bá tú dé ibì kan, sẹ́ẹ̀lì náà ti darúgbó nìyẹn, kò ní pín mọ́.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n jíìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ títún etí okùn náà ṣe. Méjì ló yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó wà lẹ́nu ilé-ọmọ yín, jíìnì yẹn ti pọ̀ sí i, ó ti ju méjì lọ dáadáa. Bí etí okùn wọn ṣe ń tú ni wọ́n ń tún un ṣe, wọn ò darúgbó, wọ́n kàn ń pọ̀ ni. Wọ́n máa ń rí i nínú jẹjẹrẹ ibòmíràn náà, kì í ṣe ti ilé-ọmọ nìkan."

Mo rántí pé ó jọ mí lójú. Èmi ni gbogbo ara ń dùn bí arúgbó, tí nǹkan kan wà nínú mi tó kọ̀ láti gbó.

A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Sìfáwù di ọwọ́ mi mú. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyàwó, o gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ? Ó ní jínnì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ̀ sí i, wọn ò sì fẹ́ kú. Òyìnbó gan-an mọ̀ pé àlùjànnú wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe jínnì. Jíìnì ló sọ."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Agbára àtiṣàlàyé ò sí lára mi. Kí a tó délé, ó ti pe Alfa kan nítòsí Sábó, ẹni tó kọ́ ọkọ mi ní kéwú. Alfa wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àǹtí ro ẹjọ́ náà fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ tán, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àlájà," bó ṣe máa ń pe Àǹtí nìyẹn, "jíìnì tí dókítà sọ kì í ṣe àlùjànnú. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ń kà nípa rẹ̀. Òun ni ohun tí ọmọ ń gbà lára bàbá àti ìyá rẹ̀, bí àwọ̀, bí gíga, bí jínótáìpù."

Ó gbàdúrà fún mi. Ó kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó ní tí mo bá fẹ́ kí n mu hàntú náà, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa ọjọ́ Ìbàdàn jẹ. Mo mu ún. Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn tó sọ nípa bàbá àti ìyá yẹn ti wọ etí Àǹtí Sìfáwù, kò sì ní jáde.

A lọ sí Ìbàdàn. Bọ́láńlé gba ìsinmi níbi iṣẹ́ rẹ̀, a gba yàrá kékeré kan nítòsí ọsibítù. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ, àyàfi òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ní kí o sùn sórí tábìlì líle, wọ́n ti fi bírò kọ àmì sí ọ nídìí ikùn, gbogbo wọn á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìwọ nìkan á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó ń dún. Kò dunni rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìrora ń dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, mi ò lè jìnnà sí ilé ìgbẹ́. Ìtọ̀ ń ta mí. Awọ ìdí mi dúdú, ó ń bó. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún mi ní abẹ́rẹ́, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń bì. Ní ìparí, wọ́n tún ń fi ìtànṣán sínú ara láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá kàn ọ́, sọ fún wọn bó bá ń dùn ọ́. Oògùn ìrora wà. Mi ò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé bó ṣe yẹ kí obìnrin fara dà á nìyẹn.

Obìnrin kan wà tí a jọ máa ń jókòó dúró de ìtọ́jú, ó ń ta búrẹ́dì ní Ìkirè. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ wẹ ìdí. Nígbà tó yá, mi ò rí i mọ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní owó ló tán lọ́wọ́ wọn, pé ó ti lọ sílé. Mo ń ronú nípa rẹ̀ títí di òní.

Ìtọ́jú náà ti lọ síwájú dáadáa nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé Bọ́láńlé ò fi fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Mo bi í léèrè Kúnlé. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní kí a sún ọjọ́ ìgbéyàwó nikáì síwájú."

"Nítorí àìsàn mi?"

"Àǹtí pe Màmá Kúnlé láti sọ bí ara yín ṣe rí fún wọn. Àǹtí ní dókítà sọ pé jíìnì ni, pé a máa ń gbà á lára òbí. Màmá Kúnlé ní àwọn ò lè fi ojú àwọn ríran kí àwọn fẹ́ àrùn sínú ilé."

Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Mo ti rò pé ara mi nìkan ni àìsàn yìí ń jẹ. Mo ronú nípa jínótáìpù, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìwé rẹ̀ han ara wọn kí wọ́n tó fẹ́ra, bí ìfẹ́ ṣe ń tú ká lórí lẹ́tà méjì péré. Mi ò lè dá Màmá Kúnlé lẹ́bi tán. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin mi ló fẹ́ gbéyàwó, tí mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á ba èmi náà.

A parí ìtọ́jú, a padà sí Ifẹ̀. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ fúnra rẹ̀. Ó bẹ àwọn òbí Kúnlé pé kí wọ́n tẹ̀lé wa lọ́jọ́ tí mo máa rí dókítà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà. Àǹtí Sìfáwù náà wá. A kún yàrá náà débi pé àga ò tó, ọkọ mi sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún dókítà pé mo yọ̀ǹda kó sọ ohun gbogbo. Màmá Kúnlé ló bèèrè. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ lè gbà á lára ìyá ẹ̀?"

"Rárá, Mà. Jíìnì tí mo sọ yẹn, ibi tí jẹjẹrẹ wà nìkan ló ti pọ̀ sí i. Kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn ò bí i mọ́ wọn, wọn ò sì lè fi bí ọmọ. Kò dà bíi jínótáìpù. Ó kéré tán ogún ọdún ni wọ́n ti bí Bọ́láńlé kí èyí tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá fà á?"

"Kòkòrò àìfojúrí kan ni, tó máa ń ràn láàárín tọkọtaya. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní in rí láì mọ̀, ara wa lé e lọ. Lára àwọn mìíràn kì í lọ, ó máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó di nǹkan. Èmi, ẹ̀yin, gbogbo obìnrin tó wà nínú yàrá yìí ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò."

Àǹtí Sìfáwù ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a jáde, Màmá Kúnlé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi lé sí i lójú. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ má bínú sí mi. Kúnlé nìkan ni mo bí." Mo ní mi ò bínú. Òótọ́ ni, bíbínú ń gba agbára. Ọkọ rẹ̀ ní kí a mú ọjọ́ mìíràn fún nikáì, a mú un níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.

Mo délé pẹ̀lú ayọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní láti oṣù púpọ̀. Mo pe Bọ́láńlé, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Màmá, mo gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe mọ́."

"O ò ṣe kí ni? Wọ́n ti gbà, Bọ́lá. Wọ́n bẹ̀ mí."

"Àwọn òbí ẹ̀ gbà. Ní gbogbo ìgbà tí a wà ní Ìbàdàn, Kúnlé ò wá wò yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó pè yín, ó ní àwọn òbí òun ní kí òun ṣì dúró ná. Kì í ṣe àwọn ni mo fẹ́ fẹ́, Màmá."

"Ọkùnrin máa ń bẹ̀rù."

"Èmi náà ń bẹ̀rù. Mo wà níbẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú sí i. Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ nù, mo ní mo fẹ́ rí i kí ohun kan lọ bó ṣe yẹ kó lọ kí n tó kú. Bí mo ṣe sọ "kí n tó kú" ni mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi, Màmá." Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wa ò ju "Ṣé ẹ ti lo oògùn?" àti "Mo ti lò ó" lọ. Ọkọ mi ló dá wọn lóhùn ní Ẹdẹ. Kúnlé wá sí ilé wa lẹ́ẹ̀kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sunkún. Bọ́láńlé wá láti Òṣogbo, ó bá a sọ̀rọ̀ lójúde fún ìgbà pípẹ́, ó sì sìn ín dé ibi ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àǹtí Sìfáwù ò tọrọ àforíjì lẹ́nu. Àgbà ni, mi ò sì retí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìnkùlé, mo yọjú, mo rí i tó jókòó sórí àpótí, ó ń fọ àwọn aṣọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti bà jẹ́, àwọn tí mo tọ́jú pamọ́ sínú ike. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀." Ó ní kí n padà lọ sùn. Ó fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì, títí ìgbẹ́ gbuuru náà fi dá.

Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì báyìí. Jẹjẹrẹ ò tíì padà. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, mi kì í sọ pé ó ti lọ. Ara mi ò rí bíi tàtijọ́. Inú mi kì í gba ẹ̀wà mọ́, mo sì ní láti mọ ibi tí ilé ìgbẹ́ wà níbikíbi tí mo bá lọ. Orí àga ni mo máa ń jókòó lé kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa ń ní kí wọ́n wá kọ ọ́ sára pátákó fún mi. Èmi àti ọkọ mi ń gbìyànjú láti tún mọ ara wa. Díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́lé, oorun á dá lójú mi, màá máa wo aṣọ abẹ́ mi bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin mi, bí nǹkan oṣù rẹ bá ti dúró tí o tún rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí o bá ń rí i lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kì í ṣe pé ara fẹ́ di ọ̀dọ́. Lọ kí wọ́n wò ọ́. Bí wọ́n bá bá ọ sọ ọ̀rọ̀ jíìnì, bèèrè pé: ṣé èyí tí wọ́n bí mọ́ mi ni, àbí èyí tó yí padà nínú àìsàn náà? Jẹ́ kí dókítà dáhùn lójú gbogbo ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Má jẹ́ kí ìtọ́jú rẹ dúró nítorí àgbo tàbí àdúrà. Àwọn tó ń gbàdúrà fún ọ lè máa gbà á lọ bí o bá ṣe ń tò ní ọsibítù. Tí àwọn elétò ìlera bá sì wá sí ilé-ìwé láti fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, jẹ́ kí ọmọ rẹ gbà á. Mo ti rí àwọn òbí tó ń fa ọmọ wọn jáde ní kíláàsì mi. Mo máa ń tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì, mo ń sọ ohun tó ṣe mí fún wọn. Àwọn kan ń padà. Àwọn kan ò padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ fún àyẹ̀wò mi. Bọ́láńlé tẹ̀lé wa, ọkọ mi ló wa ọkọ̀. Dókítà ní kò sí nǹkan, pé kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo ti dìde nígbà tí Bọ́láńlé ní òun náà fẹ́ ṣe tirẹ̀. Kò sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè é, mi ò lè gbàdúrà, mo kàn ń wo ilẹ̀kùn. Ó jáde, ó ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó ní irin náà tutù, ó ní wọ́n máa pe òun tí èsì bá dé, ó wá bi mí kí ni mo fẹ́ jẹ. Mo ní ohunkóhun.

Mo ti sùn lọ nínú ọkọ̀ kí a tó kúrò lójú ọ̀nà ọsibítù. Nígbà tí mo lajú, a ti dé iwájú ilé, oòrùn sì ti wọ̀. Ọkọ mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tan jẹnẹrétọ̀ kankan. Bọ́láńlé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí mi wà léjìká rẹ̀, kò sì mira.